Ìka Mummy àti Aṣọ Omi Tútù

Òórùn òrí tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ róòbù ló máa ń jí mi nígbà òtútù, kì í ṣe aago. Mummy á ti gbé abọ́ irin kékeré kan lé orí rédíétọ̀ tó ń mú ilé móoru ní pálọ̀, òrí á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, òórùn náà á sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá mi níbi tí mo ká jọ sí lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Peckham ní London, ẹ ò nílò àlàyé. Ẹ̀yin náà dán lọ sí ilé ìwé bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí tí ọmọ tó jókòó tì yín bá ń fọwọ́ dí imú.

Lẹ́yìn ìpara ni aṣọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ fún mi, torí Mummy gbà pé kò sí ohun tó dà bí òwú pọ́nńbélé lára ọmọ ènìyàn. Ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé á tẹ̀ lé e, káádígàn á tẹ̀ lé ìyẹn, ìbòrí mi dúdú á bọ́ sórí, kóòtù tó nípọn á wá bo gbogbo rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Á kúnlẹ̀ síwájú mi lẹ́nu ọ̀nà, á fi ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ki etí ìbòrí náà bọ inú ọrùn kóòtù, á sì fi ìka yẹn yí ọrùn mi ká pátápátá, títí tí aṣọ kankan ò fi ní yọ síta. Á ní, "Oyá. Atẹ́gùn ò rí ọ̀nà." Ìgbà yẹn ni mo tó lè jáde.

Ó nídìí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fúláàtì kan ní North Peckham Estate ni a kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n tó wó ibẹ̀. Ògiri yàrá wa a máa làágùn nígbà òtútù bí ẹni tó rẹrù. Ibẹ̀ ni òtútù àyà ti mú mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, tí wọ́n gbé mi dé ọsibítù, tí Mummy fi àga ṣe ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe, òun ló sì sọ fún mi pé àyà mi ń dún nígbà náà bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí epo ti tán nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bá òtútù dọ̀tá. Nígbà tí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kó wa lọ sí ilé tó gbẹ nítòsí Peckham Rye, tí mo ti ń sáré lórí pápá bí ọmọ ewúrẹ́, kò gbàgbé. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ló máa ń wí, á tún fi ìka yí ọrùn mi ká.

Ẹ wá wo ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ tó ní òun fẹ́ wa káyáàkì.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ilé ìwé kó wa lọ sí èbúté àtijọ́ kan ní Rotherhithe, tí wọ́n ti sọ di ibi ìṣeré ojú omi. Mo dúró lórí afárá, mo sì rí ọmọbìnrin kan nínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gbà ju ẹnì kan lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní káyáàkì, ó ń fi àjẹ̀ olórí méjì wà á. Kò pariwo, kò kánjú, omi kàn ń yà fún un ni. Ọkàn mi tẹ̀ lé e gba abẹ́ afárá lọ, kò sì tíì padà di òní. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lè máa wá ní gbogbo Sátidé láti oṣù kẹta.

Mummy ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Inú omi? In March? Múínátù, ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Daddy, tí wọ́n bí sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, tó wá di awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní London, rẹ́rìn-ín nídìí tíì rẹ̀. "Ìyá Múínà, omi ò lọ́tàá. Èmi náà wa ọkọ̀ dàgbà ni."

"Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ̀yin wa ọkọ̀ nínú ẹ̀," Mummy dá a lóhùn. "Ti ibí yìí, yìnyín tó yọ́ ni."

Mo bẹ̀bẹ̀, mo ní, "Mummy, please now, everybody's going." Ìyẹn ò ṣiṣẹ́. Mo wá kọ oúnjẹ. Mo kọ ìrẹsì àti dòdò, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré nìyẹn. Ìgbà tó yá, Mummy gbé àwo náà síwájú mi padà, ó ní: "Ó dáa. Kí n kọ́kọ́ rí aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún ẹ. If I like it, you can try. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa o: ọjọ́ tí omi bá kan àyà ẹ, that's the end. Mi ò ní gbọ́ please, mi ò ní gbọ́ sorry." Mo jẹ dòdò náà tán kó tó yí ọkàn padà.

Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ ni Miss Joan, ìyá àgbà òyìnbó kan tí oòrùn ti sun ojú rẹ̀ pọ́n, tí irun orí rẹ̀ funfun báláú. Oòrùn ràn lọ́jọ́ tí Mummy mú mi lọ. Àwọn ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn wọ T-shirt nìkan, Miss Joan sì ní rárá. Ó ní omi ni èèyàn ń wọṣọ dè, kì í ṣe oòrùn, torí omi ò mọ̀ pé oòrùn ràn. Mo rí i tí ojú Mummy tàn. Ó yíjú sí mi. "Ṣé o gbọ́? Òyìnbó yìí lọ́gbọ́n."

Ó wá kúnlẹ̀ létí èbúté, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ki ọwọ́ bọ omi. Kò yọ ọ́ bọ̀rọ̀. Nígbà tó yọ ọ́, àwọn ìka tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwo ibẹ̀ ò lè di bọ́tìnnì apá aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó wò wọ́n pẹ́. Mo ti ń dágbére fún káyáàkì nínú ọkàn mi. Miss Joan bá a di bọ́tìnnì náà, ó sì ṣàlàyé pé ohun tí omi tútù ń ṣe nìyẹn, ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ èèyàn, òun ló sì fà á táwọn ò fi ń fi ọ̀rọ̀ aṣọ ṣeré. Mummy mi orí. Ó jọ pé ó fẹ́ràn ẹni tí kò bá a jiyàn lórí òtútù.

Aṣọ rọ́bà tó ń fún mọ́ ara, èyí tí wọ́n ń pè ní wetsuit, ni Miss Joan kọ́kọ́ mú wá. Mummy fi ìka méjì rin ín bó ṣe máa ń rin aṣọ lọ́jà Brixton, ó fà á, ó gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, ó da omi díẹ̀ sí i lára. Miss Joan ní omi díẹ̀ máa wọ inú rẹ̀, ara á mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì dúró bí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mummy gbé ojú sókè. Èdè òyìnbó rẹ̀ máa ń dán nígbà tó bá fẹ́ jà. "Madam, you want to use water to cover her from water?" Ó tún sọ fún mi lábẹ́lẹ̀ pé, "Ó sì lẹ̀ mọ́ èèyàn bí awọ ẹja. Ta ló fẹ́ wọ èyí síta lójú ọ̀pọ̀ èèyàn?" Lórí ìyẹn, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà nígbà yẹn, ojú rẹ̀ sì ń tì mí gan-an.

Miss Joan ronú díẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó mú òmíràn bọ̀. Drysuit ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ó pupa bí ata rodo, ó fẹ̀ dáadáa, bí ìgbà tí wọ́n rán bùbá mọ́ ṣòkòtò. Ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì di ọrùn àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ pa kí omi má bàa wọlé rárá. Obìnrin kúkurú kan ló ti ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mummy yí inú rẹ̀ síta, ó tẹ̀ lé ojú rírán rẹ̀ láti èjìká dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó rí i pé wọ́n fi téèpù lẹ ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan pa. N kò gbọ́ kó yin iṣẹ́ télọ̀ mìíràn rí láyé mi. "Ẹni tó rán èyí ò sùn sẹ́nu iṣẹ́," ló wí. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó ti sọ ọ́ lórúkọ: agbádá omi.

Àmọ́ agbádá náà ní òfin tirẹ̀. Miss Joan ní kí a má wọ òwú sábẹ́ rẹ̀, torí òwú máa ń mu òógùn àti omi, á sì gbé òtútù lé èèyàn lára. Ṣe lojú Mummy dà bíi ti ẹni tí wọ́n bú ẹbí rẹ̀. Miss Joan ní irun àgùntàn ló dáa. Ó ní ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ wà láàárín rọ́bà ọrùn àti awọ ara. Ó sì ní a ò gbọ́dọ̀ fi òrí pa ọrùn tàbí ọwọ́, torí epo máa ń jẹ rọ́bà. Èyí ló dun Mummy jù. "Kí ọmọ mi jáde láìpara? Kó funfun bí ẹni tó sùn sínú eérú?" Wọ́n jọ dúnàá dúrà lórí ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi gbà pé kí ojú àti orúnkún máa gba òrí.

Miss Joan yá wa ní aṣọ náà lọ sílé. Nígbà tí a délé, Mummy mú súwẹ́tà irun àgùntàn Daddy, èyí tó fẹ́ràn jù, ó sì gé e sí ara mi. Daddy dé láti ibi iṣẹ́, ó bá apá súwẹ́tà kan nílẹ̀. "Òtútù kì í mú awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àbí?" ló béèrè. Èmi wà níwájú dígí, mò ń yan nínú aṣọ mi pupa bí ológun. Mummy wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Wá síbí, jẹ́ kí n wo abẹ́ apá ẹ."

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ ìyídé. Kí wọ́n tó gbà kí ọmọ kankan wa ọkọ̀ jìnnà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé nínú omi, kó sì fúnra rẹ̀ jáde. Mummy gbé ògì gbígbóná dání nínú fíláàsì, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì. Miss Joan ló wọṣọ fún mi. Ó fa ìbòrí mi kúrò nínú ọrùn aṣọ, ó rí i pé rọ́bà jókòó lé awọ ara, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó lé e, ó dé akoto fún mi, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ọmọ tó kàn.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, etí ìbòrí mi ń fò lọ fò bọ̀ lórí aṣọ. Mummy pè mí, "Múínátù, come." Mo lọ. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ìka rẹ̀ sì jáde. Ó ki etí ìbòrí náà sábẹ́ rọ́bà, ó fi ìka yí ọrùn mi ká pátápátá. "Atẹ́gùn ò rí ọ̀nà," ló wí. Àwa méjèèjì ò tilẹ̀ mọ̀ pé a ti ṣe nǹkan kan. Mummy gbọ́ òfin Miss Joan dáadáa, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ara mi kúkú ni ìbòrí, kì í ṣe ohun tó wà láàárín.

Mo wọ ọkọ̀, mo sì yí i dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, omi tútù kì í kíni kó tó gbáni létí. Èémí mi sá lọ. Mo fa ẹsẹ̀ yọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo léfòó sókè, mo sì rí i pé ara mi gbẹ nínú agbádá náà. Mo ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ni mo bá mọ̀ ọ́n lára: ohun tín-ín-rín kan tó tutù ń gba ọrùn mi sọ̀kalẹ̀, ó ń lọ tààrà sí àyà.

Mo na apá méjèèjì sókè létí èbúté. Miss Joan di ọ̀kan mú, Mummy di èkejì mú, wọ́n fà mí jáde. Mummy ki ọwọ́ gba ọrùn aṣọ náà lọ sí àyà mi. Súwẹ́tà Daddy ti tutù níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àyà mi, mo wo ojú rẹ̀, mo sì mọ ibi tó ti lọ. Ó ti padà sórí àga ọsibítù yẹn. "Mummy, kò tutù púpọ̀," mo wí, eyín mi sì ń gbá ara wọn. Ẹkún gbọ̀n mí ju òtútù lọ, torí mo mọ̀ pé ó ti parí.

Miss Joan ló fa etí ìbòrí náà yọ lábẹ́ rọ́bà. Ó ń kán tótótó. Ó sọ jẹ́jẹ́ pé aṣọ ló fa omi wọlé, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Mummy gba etí aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó wá wo ìka ara rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi lànà fún un."

Ó yí bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ mi lára, ó fún mi ní ògì, ó dúró títí mo fi mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló ṣí báàgì rẹ̀, ó sì yọ téèpù tó fi ń wọn aṣọ jáde. Ó wọn àgbọ̀n mi dé ọrùn. Ó wọn ọrùn mi dé èjìká. Ó ní kí Miss Joan gbé akoto wá kó lè wọn ibi tó parí sí. Bí mo ṣe rí téèpù yẹn ni ẹkún mi dá. Ẹni tó fẹ́ pa nǹkan tì kì í wọ̀n ọ́n.

Miss Joan tún yá wa ní agbádá náà lọ sílé. Aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń rán aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, tó máa ń nà, tí kì í mumi, ni Mummy fi rán ìbòrí mi tuntun. Ó bo orí àti etí, ó gba abẹ́ àgbọ̀n, ó sì tẹ́ rẹrẹ sórí agbádá láti òde, jákẹ́ẹ̀tì ló máa dì í mọ́lẹ̀. Ilé ìwẹ̀ wa la ti dán an wò. Mo jókòó sínú ọpọ́n ìwẹ̀ pẹ̀lú akoto lórí, Daddy ń fi ike da omi tútù sí mi lórí, Mummy sì ń wo ọrùn mi bí ẹni ń wo àkàrà nínú epo. "Ẹ tún da sí i, Bàbá Múínà." Daddy dà á. "Ẹ tún da sí i." Daddy ní bí káńsù bá rí wa, wọ́n á gba ọmọ náà lọ́wọ́ wa. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi wọ mi nímú.

Ní Sátidé, kí n tó wọ ọkọ̀, Mummy tún kúnlẹ̀. Ìka rẹ̀ jáde, mo sì sún sẹ́yìn. "Dúró," ló wí. Ó gbé ìbòrí tuntun náà sókè díẹ̀, ó sì fi ìka yí rọ́bà ọrùn ká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti etí kan dé èkejì. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń wá bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ ni. Kò rí nǹkan kan.

Mo yí ọkọ̀ dé. Mo jáde, mo lúwẹ̀ẹ́ dé etí èbúté, mo na apá sókè. Òun nìkan ló fà mí lọ́jọ́ náà, kò jẹ́ kí Miss Joan fọwọ́ kàn mí. "Ọmọ tó ṣípá nìyá ẹ̀ ń gbé," ló ń wí bó ṣe ń mí hẹlẹ. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà mi. Ó fọwọ́ kan apá ọ̀tún, ó fọwọ́ kan apá òsì, ó tún padà sí àárín.

"Ó gbẹ," ló wí. Omi ti wà lójú rẹ̀. "Padà sínú omi ẹ jàre. Go."

Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà débi pé àyà dùn mí.

Mummy ti darúgbó báyìí. Ilé kan náà ló ń gbé nítòsí Peckham Rye, àmọ́ oríkèé ọwọ́ ń dùn ún, òtútù sì ti padà wá gbẹ̀san lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà òtútù, èmi ni mo máa ń gbé abọ́ òrí lé orí rédíétọ̀, tí mo máa ń fi pa á lọ́wọ́, tí mo máa ń kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó mú un lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo máa ń fi ìka yí ọrùn kóòtù rẹ̀ ká. Á ní, "Ṣé atẹ́gùn ò rí ọ̀nà?" Mo máa ń dáhùn pé, "Kò rí ọ̀nà, Mummy."

Ọmọ ọdún méjìlá tó wọ agbádá pupa yẹn rò pé òun ni akíkanjú ọjọ́ náà, torí òun ló wọ inú omi. Èmi tí mo ti dàgbà mọ̀ pé irọ́ ni. Omi tí èmi wọ̀, wọ́n rán aṣọ fún un. Omi ẹ̀rù tí Mummy wọ̀ nígbà tó ní kí n padà, kò sí télọ̀ kankan tó rán aṣọ rẹ̀ rí.

Mo ṣì ń wa káyáàkì, títí kan ìgbà tí yìnyín bá wà lórí koríko. Ní òwúrọ̀ Sátidé, fóònù mi á dún létí èbúté, tí mo bá ti wọṣọ tán.

"Ṣé o ti wo ọrùn ẹ?"

"Mo ti wò ó, Mummy."

"Tún un wò."

Mo sì máa ń tún un wò.